Àkànní, a dé Ṣìnkíìtì

Ìlọrin,
Ọjọ́ 18, Oṣù Kejì, Ọdún 2024.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àléíkúmù. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Toronto o. Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà yìí látìgbà tí mo ti fi àwòrán kan ṣoṣo yẹn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, tí mi ò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọjá ohun tí mo lè máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alẹ́ òní ni mo ráyè. Mo ti kírun Ìṣáì, ilé ti dákẹ́, mo fẹ́ rò ó fún ọ bó ṣe rí gan-an.

A lọ, a sì ti dé ní àlàáfíà, èmi àti Àlàbí. Ṣìnkíìtì tí Àáfà wa máa ń dárúkọ, tí ohùn wọn á rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ojú wa ti tó o. Chinguetti ni wọ́n ń kọ ọ́ lórí máàpù báyìí, ìlú àtijọ́ nínú aṣálẹ̀ Mauritáníà. Ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé kéwú, tí a ní tí a bá dàgbà a ó lọ? Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o bá wa lọ. Ó dun àwa náà. Kò síbi tí a ti jókòó jẹun tí Àlàbí kò ti dárúkọ rẹ.

O sọ lórí fóònù pé èmi àti Àlàbí ò ní í dé Dakar kí a tó jà. A dé Dakar láìjà. Inú yanrìn la ti jà. Màá sọ ọ́ fún ọ, mi ò ní í fi pa mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kò gba àlàyé púpọ̀. Bàálù gbé wa dé Dakar, a wọkọ̀ èrò dé Rosso níbi tí odò ti pín Sẹ̀nẹ̀gà àti Mauritáníà níyà, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò àti èèyàn pọ̀ sì gbé wa sọdá. Sẹ̀nẹ̀gà tí a wọ̀ bí ẹni wọlé baba rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì odò, torí pé láti ọdún 2000 ni Mauritáníà ti jáde nínú ECOWAS. Físà ni wọ́n ń bèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, láti Rosso títí dé Nouakchott tó jẹ́ olú ìlú wọn, nǹkan bí 200 kìlómítà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dá wa dúró lójú ọ̀nà ṣáá, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè: "Fíìṣì!" Bébà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ àti iṣẹ́ rẹ sí ni. Àlàbí ti ṣe ogójì ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó kúrò ní Ìlọrin. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ogójì ṣe. Nígbà tí a máa fi padà dé Rosso, mẹ́ta ló ṣẹ́ kù.

Ní Nouakchott la ti háyà Hilux kan. Ọmọ ìlú Atar ni awakọ̀ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé láwàní dúdú tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Láti Nouakchott sí Atar lé ní 400 kìlómítà, ọ̀nà ọ̀dà sì ni, ó dára. Àkànní, irú èrò tí mo ní nípa aṣálẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Mo rò pé yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀: òkúta dúdú pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, o ó wò ó títí ojú rẹ á rẹ̀, o ò ní í rí koríko. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan igi ẹlẹ́gùn-ún kan á dá dúró, ràkúnmí kan á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa nílé lóṣù Ṣẹ́rẹ́, àárín ilé rẹ̀ gan-an la wà yẹn. Lọ́sàn-án oòrùn á máa ta wá lórí, lóru òtútù á mú wa dé eegun, aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún kẹta yẹn ni mo wọ̀ sùn lójoojúmọ́.

Tíì ni wọ́n fi ń gba àlejò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń bu fún ọ. Awakọ̀ wa kò lè dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kó má dá iná. Ìkòkò tíì kékeré kan, tíì aláwọ̀ ewé ti ilẹ̀ Ṣáínà, ewé míǹtì, ṣúgà tó pọ̀. Á gbé ìkòkò sókè, á da tíì láti òkè sínú ife kékeré, á tún dà á láti ife yìí sí ife kejì, síwá sẹ́yìn, títí ìfófòó á fi gba ìdajì ife. Kò ní í kánjú. Ẹni tó bá dìde kí ife kẹta tó dé ti rí ẹni tó gbà á lálejò fín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ara mi ń gbóná, mo ń wo aago. Àlàbí ti jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá.

Ouadane la kọ́kọ́ lọ láti Atar. Ìlú olókùúta ni, wọ́n kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, èyí tó ti wó nínú rẹ̀ ju èyí tó dúró lọ. Òun, Chinguetti, Tichitt àti Oualata ni UNESCO jọ kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé lọ́dún 1996. Nítòsí Ouadane náà ni ibi tí wọ́n ń pè ní Richat wà, òrùka òkúta nínú òrùka òkúta, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Àwọn tó wà lójú òfúrufú ló ń rí i dáadáa. Àwa tí a dúró sínú rẹ̀, òkè kéékèèké la rí. Ká ní mo mọ̀ ni, Ouadane ni ǹ bá fi ọjọ́ yẹn jókòó sí.

Ó kù ọ̀nà Ouadane sí Chinguetti. Kò pé 150 kìlómítà, ọjọ́ méjì la sì fi rìn ín, torí yanrìn ni, yanrìn gidi lọ́tẹ̀ yìí. Awakọ̀ tú atẹ́gùn inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ títí táyà fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Àlàbí bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ táyà wò, ó ní, "Ó tọ́. Táyà tó bá le á máa gbẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tó bá rọ̀ á gun orí rẹ̀." Síbẹ̀ a rì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kìíní. Ọwọ́ la fi ń wa yanrìn nídìí táyà, a ó ki irin pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, a ó tì í. Ìgbà kẹta ni Àlàbí rí i pé ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì omi wa méjèèjì ti ń fara gbo jáàkì látàárọ̀. Ó ti là nísàlẹ̀. Omi tó kù nínú rẹ̀ kò tó abọ́ kan.

Mi ò fi ọkàn sí i. Àkókò Àsárì tó, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kejì, mo ṣe àlùwàlá mi bí mo ṣe ń ṣe é nílé, mo fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, mo tún bu omi lé orí torí ooru. Àlàbí pariwo mọ́ mi. Ó ní ṣé omi kànga ni mo rò pé mò ń bù ni, ṣé mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ti fún èèyàn ní ilẹ̀ mímọ́ níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n. Àkànní, ohun tí mo fi dá a lóhùn, mo ní, "Ìwọ mẹkáníìkì, ta ni ọ́ tí o fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀sìn?"

Kò fèsì. Ó rìn lọ díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá yanrìn, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́, ó dìde kírun. Mo dúró tí omi ń kán ní irùngbọ̀n mi.

Láti ìgbà yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bá mi sọ̀rọ̀. Awakọ̀ po ìyẹ̀fun, ó wa ẹ̀yinná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́ ìyẹ̀fun náà sínú yanrìn gbígbóná lásán, láìfi ewé tàbí páànù sí i, ó sì fi yanrìn àti ẹ̀yinná bò ó. Nígbà tó jinná ó hú u jáde, ó ń gbá a mọ́wọ́ pà pà pà títí yanrìn fi gbọ̀n dànù, ó fi aṣọ nù ún. Búrẹ́dì ni, Àkànní, ó sì dùn. Ó gé e fún Àlàbí pé kó pín in. Àlàbí bu eteetí rẹ̀, ibi tó gan tó sì le, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi láìwò mí. O mọ̀ pé eteetí búrẹ́dì ni mo máa ń jà fún láti kékeré. Mo gbà á. Mi ò lè gbé e mì bọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó wọ̀, a rí Chinguetti. Yanrìn ti ń jẹ ìlú náà. Òkìtì yanrìn jókòó ti ilé, ó ga tó fèrèsé, àwọn ilé mìíràn wà tó jẹ́ òrùlé nìkan lò ń rí. Àwọn tó kù níbẹ̀ ń wa yanrìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àwa ṣe ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Ibí yìí ni àwọn arìnrìnàjò Hájì láti agbègbè yẹn ti ń kó ara wọn jọ láyé àtijọ́ kí wọ́n tó kọjá lọ sí Mẹ́kà, òkìkí rẹ̀ sì kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Lárúbáwá fi ń pe gbogbo ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ Ṣìnkíìtì. Mọ́ṣáláṣí rẹ̀, òkúta lásán tí wọ́n tò léra ni, ẹyin ògòǹgò ló wà lórí ṣóńṣó ilé ìpèrun rẹ̀. A kírun Màgàríbà níbẹ̀. Orí yanrìn ni a forí balẹ̀ sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tọ́jú ìwé ìdílé wọn. Ìdílé ìdílé ni wọ́n ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ. Igi ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà, ó gùn bí ọwọ́ èèyàn, eyín igi kéékèèké wà lẹ́nu rẹ̀ bí ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Bàbá tì í bọnú, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. A bẹ̀rẹ̀ wọlé. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n ṣí ìwé kan tí awọ ẹran jẹ́ èèpo rẹ̀, wọ́n ní kí a wò ó, kí a má fọwọ́ kàn án.

Láti Nouakchott ni mo ti ń fi Lárúbáwá mi yangàn. Èmi ni mò ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ lóhùn, èmi ni mò ń ná ọjà. Bàbá ní ta ló lè kà á nínú wa, mo sì ti súnmọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìlà, mo ka "fáàlà." Bàbá wò mí. Mo tún un kà. Kò nítumọ̀. Àlàbí wá sọ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, "Kọ́ọ̀là," ìyẹn "ó sọ pé."

Àkànní, ọwọ́ Àáfà ni. Ọwọ́ Àáfà wa gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́tà fáà tí tóótó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́tà kọ́ọ̀fù tó ní tóótó kan ṣoṣo lókè, òun ni mo kà sí fáà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí wàláà fún wa nìyẹn, kí àwọn bàbá wa tó kó èmi àti ìwọ lọ sí ilé kéwú onítábìlì, tí olùkọ́ fi gègé pupa fagi lé e pé àwọn aláìmọ̀kan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A gbàgbé rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. A tún padà wá fi Àlàbí ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé bàbá rẹ̀ kò lówó ilé kéwú tuntun, ọ̀dọ̀ Àáfà ló ń lọ lálaalẹ́ tí ó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, títí Àáfà fi kú. Ìwọ àti èmi kò bi í rí ohun tó ń kà níbẹ̀.

Ó ka ojú ìwé náà tán. Kò yára, kò sì kọsẹ̀. Bàbá ń mi orí, wọ́n ṣí ojú ìwé kejì fún un láìjẹ́ pé ó bèèrè. Ọ̀rọ̀ omi ni ojú ìwé náà ń sọ, irú omi tó tọ́ láti fi ṣe àlùwàlá. Nígbà tó parí, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n bi í pé ta ni olùkọ́ rẹ̀. Àlàbí kò gbọ́ Lárúbáwá ẹnu dáadáa, mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún un. Ó dárúkọ Àáfà, odidi orúkọ wọn àti ti bàbá wọn. Bàbá tún orúkọ náà pè, wọ́n ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nínú ìlú yẹn, Àkànní, nínú yàrá yẹn. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀yìn Àlàbí ló wà níbẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ ba ìwé.

Mo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní yanrìn á wọ̀ mí lójú.

Ìyókù kò pọ̀. Ní Choum a dúró wo ọkọ̀ ojú irin tó ń kó òkúta irin láti Zouérat lọ sí èbúté Nouadhibou, ọ̀nà 704 kìlómítà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1963. Gígùn ọkọ̀ náà lé ní kìlómítà méjì. Àlàbí ń ka àwọn ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n so mọ́ra wọn, ó kà dé 150, eruku bò wá, ó pàdánù oǹkà. Ṣe ló ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ó ní kí n kí ọ. Ó ra dàbínù Atar fún ọ, páálí kan, màá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Ó tún ní kí o kọ fáà àti kọ́ọ̀fù bí Àáfà ṣe kọ́ wa sínú èsì rẹ, kí o má wo ibì kankan kí o tó kọ ọ́. Èmi náà ti kọ tèmi fún un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.