Àbẹ̀kẹ́, má tíì sanwó DNP yẹn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn fi ránṣẹ́ sí ọ láti òkè délẹ̀. Má tíì san owó àsansílẹ̀ kankan. DNP, ìyẹn oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì (kì í ṣe ti dókítà oníṣègùn), lórí ìdarí ni wọ́n fún ọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí o ń wá ni kí o máa yẹ aláìsàn wò, kí o sì máa kọ oògùn fún wọn. Ọ̀nà wọn ò pàdé. Ẹni tó bá ka ti ìdarí tán lè di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní odindi ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò nurse practitioner, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń yẹ aláìsàn wò tó sì ń kọ oògùn, torí kò ní wákàtí ìtọ́jú aláìsàn tí ìdánwò náà ń béèrè. Àwọn kan ti kàwé tán kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n tún padà lọ san owó ìwé-ẹ̀rí mìíràn.

Má sì rò pé oyè yẹn ló ń fúnni láṣẹ. Òfin ìpínlẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ. Ní Texas tí o wà yìí, nurse practitioner tó ní máásítà àti èyí tó ní DNP, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà kí wọ́n tó lè kọ oògùn. Lọ́dún 2004, AACN, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní kí gbogbo irú iṣẹ́ yìí di ti oyè dókítà tó bá fi máa di 2015. Ọdún náà dé, ó kọjá, máásítà ṣì ń gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀: láti January 2022, kò sí ẹni tó lè wọlé kọ́ iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní CRNA, bí kò ṣe láti gboyè dókítà.

ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ni o wà, ìdí nìyí tí mo fi mẹ́nu kan CRNA. Ó kéré tán, ọdún kan nídìí àwọn tí àìsàn wọn le ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀kọ́ náà kò sì dín ní oṣù 36. Wákàtí 2,000 àti aláìsàn 600 ni wọn yóò kà mọ́ ọ lọ́wọ́ kí o tó jáde. Má tan ara rẹ pé wàá máa ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn. Owó ilé àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ ṣírò.

PhD ńkọ́? Ìwádìí ni. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìdáhùn sí ni wàá máa wá ìdáhùn sí, ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì máa ń gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. DNP ń mú ohun tí ìwádìí ti fi hàn tẹ́lẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù kan, bí ọ̀nà láti dín egbò tó ń yọ sí ìdí aláìsàn tí kò lè dìde kù. Bí ó bá wù ọ́ láti padà wá kọ́ni n'Íbàdàn tàbí n'Ífẹ̀, PhD ni kí o kà. Yunifásítì míì máa ń sanwó ẹ̀kọ́ PhD fúnni. Ti DNP kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù ni preceptor, ìyẹn ẹni tí yóò gbà ọ́ sí kíliníkì rẹ̀ kí o lè kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó wá tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Wákàtí ìtọ́jú tí ìlànà ọdún 2022 béèrè fún nurse practitioner kò dín ní 750. Bí o bá ń lọ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ 47 nìyẹn, bí preceptor ò bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láàárín. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ìgbà ẹ̀kọ́ kan lè lọ lófo. Iṣẹ́ àkànṣe DNP náà ní wàhálà tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ á mú iṣẹ́ tó tóbi ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó fọwọ́ sí i fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù kan, ìṣòro kan, ohun kan tí o lè wọ̀n ní oṣù mẹ́ta. Ó tó.

Ní ti owó, ilé ìwòsàn rẹ lè san tó dọ́là 5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ rẹ, ìjọba àpapọ̀ ò ní gba owó orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ka àdéhùn náà dáadáa: àwọn míì máa ń fi kún un pé bí o bá kúrò kí ọdún kan tàbí méjì tó pé, wàá dá owó padà.

Kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ tí o bá máa yàn. Bi wọ́n bóyá CCNE tàbí ACEN, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ti fọwọ́ sí wọn, bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń gbé Texas, ta ni yóò wá preceptor, àti ìdánwò wo ni wàá lè ṣe nígbà tí o bá jáde. Kí wọ́n fi ìdáhùn sínú ímeèlì. Má gba ti orí fóònù.

Èmi ni,
Màmá rẹ