Ibà tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì kì í ṣe màlíríà lásán

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì (ìfun kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá) fún lọ́dún tó kọjá, ó sì ti bẹ́ ká tó gbé e dé ọsibítù torí ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń sọ pé inú rírun nǹkan oṣù ni, à ń fún un lóògùn ara ríro. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ó yọrí síre, wọ́n ní ká máa lọ sílé, a dúpẹ́.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ keje tí ara ẹ̀ gbóná, tó ń gbọ̀n, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń tọ̀ ṣáá, ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ó. Oní-kẹ́mísìtì àdúgbò ní màlíríà àti táífọ́ọ̀dù ló pàdé, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ ti gbẹ dáadáa, kò wú, kò pọ́n, ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Ìgbà tá a padà, tí wọ́n ṣe sikáànù fún un, ọyún ló ti gbá jọ sísàlẹ̀ inú lẹ́yìn ilé ọmọ! Wọ́n ní láti fa á jáde.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀, ìwé oògùn nìkan ni wọ́n kó fún wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé bí ibà bá dé, bí inú bá ń wú tó ń bì tí kò lè só tí kò lè yàgbẹ́, kí wọ́n sáré padà. Ìyẹn tó kẹ́yìn yẹn, ìfun tó lẹ̀ mọ́ra ló ń fà á, ó sì lè dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pàápàá.

Ohun tó wá dùn mí jù ni àwọn ìyá àdúgbò tó ń sọ létí ọmọ yìí pé kò ní bímọ mọ́, ó sunkún títí. Dókítà ní yíyọ apẹ́ńdíìsì fúnra ẹ̀ kì í di ilé ọmọ, pé bíbẹ́ ẹ̀ tí ìdọ̀tí fi tàn káàkiri ló lè ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́ nígbà míì, àti pé ọ̀pọ̀ ló ṣe é tí wọ́n sì bímọ. Ẹ bá wa tẹ ìyẹn sójú ìwé yín gàdàgbà, kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn kà á.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀,
Ìbàdàn