Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi owó àjọ pààrọ̀ kámẹ́rà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbọ́ ọ dópin. O ní oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ yóò kàn ọ́, pé o ti rí Canon 6D tòkunbọ̀ kan ní Ìkẹjà, àti pé o fẹ́ ta kámẹ́rà Canon 700D rẹ kí o fi kún owó náà, kí àwòrán igbó àti omi tí o ń yà lè dára sí i. Má rà á. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ dáadáa. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé ìwọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Kámẹ́rà gidi ni 6D, n kò ní bú u. Ọdún 2012 ló jáde, sensor rẹ̀, ìyẹn ojú inú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀, sì fẹ̀ ju ti 700D lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì 18-55 tó bá 700D rẹ wá, EF-S ni, irú tí Canon ṣe fún àwọn kámẹ́rà tí sensor wọn kéré, kò lè wọ ẹnu 6D rárá. Owó àjọ yóò tán sórí kámẹ́rà, wàá sì máa wá owó lẹ́ńsì kiri. Ní ti pé àwòrán yóò tóbi sí i, mẹ́gápíksẹ́lì 18 lo ní báyìí, 20 ni 6D. Èyí tí o ní tó láti tẹ fọ́tò tó fẹ̀ ní ínṣì 17 tó sì ga ní ínṣì 11, kó mọ́ kedere. Ta ló ti ní kí o tẹ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ohun tí mo fẹ́ kí o rò ni irú ilẹ̀ tí o ń yà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán ilẹ̀ lórí YouTube, ẹ̀bá òkè ńlá ni wọ́n ń gbé, tàbí aṣálẹ̀, tàbí etíkun olókùúta. Ojú wọn ń ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn wọn lórí ohun èlò ti ń wá. Ní tiwa, láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, igi ni. Oko obì Rẹ́mọ máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Nínú igbó Ọmọ ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, níbi tí erin ṣì wà, o lè dúró níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ti gòkè kí o má rí i ju wóróworó tó ń já gba àárín ewé. Tí igbó bá tán, omi ló kù: ọ̀sà ní Ìwòpin àti àwọn abúlé Wọ́tàsáìdì (Ogun Waterside). Nítorí náà ohun méjì ló ń bá àwòrán wa jà, òkùnkùn abẹ́ igi àti dídán ojú ewé. Ohun tó bá ṣẹ́gun méjèèjì ni kí o náwó lé.

Mú Erédò Súngbọ́ bí àpẹẹrẹ. Yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ sì tó mítà 20 láti orí odi dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tí mo fẹ́ràn láti yà tó o ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ògiri rẹ̀ pupa, ewéko tútù bò ó, igi ọ̀tún àti ti òsì sì ti so orí pọ̀ lókè. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láàárọ̀, tí o fi lẹ́ńsì sí f/8, ìyẹn kí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kéré, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè mọ́, tí o fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára tó) sí 100, kò ní yà mí lẹ́nu bí kámẹ́rà bá ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni òun fẹ́ fi la ojú. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí o bá fẹ́ fi ọwọ́ yà á ní 1/30, ìyẹn ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, àfi kí o gbé ISO lọ sí 6400, ìyẹn ìlọ́po 64, àwòrán náà yóò sì rí ṣákaṣàka bí ìgbà tí a bu iyanrìn sí i.

Wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Sensor ńlá inú 6D yóò fún ọ ní ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì ààbọ̀. Tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, yóò fún ọ ní ìlọ́po 64, nítorí ó lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 yẹn, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ owó kámẹ́rà rárá. Níbi ayẹyẹ, níbi tí ènìyàn ti ń jó, tripod kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n igi kì í sá lọ. Yàrà kì í jó.

Nítorí náà, tripod ni kí o kọ́kọ́ rà, òun sì ni kí o fara balẹ̀ yàn jù lọ. Má ra èyí tí wọ́n fi ike ṣe oríkèé rẹ̀, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láàárín, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fi fóònù ya fídíò. Tòkunbọ̀ alumíníọ̀mù tó wúwo díẹ̀, tí orí rẹ̀ ṣeé tú kúrò, ni kí o wá. Nà án tán níwájú ẹni tó ń tà á, má fa òpó àárín rẹ̀ sókè, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o wá fi ìka ta ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bí ó bá ń gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́, dá a padà fún un. Wo àwọn ohun tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ pa, nítorí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ó bá ní ìkọ́ lábẹ́ òpó, ó tún dára sí i, o lè fi báàgì rẹ kọ́ ọ kó lè dúró ṣinṣin. Ní Wọ́tàsáìdì, ẹrẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ tripod mì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ojú kámẹ́rà ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí náà tì í wọlẹ̀ títí yóò fi kan ibi tó le kí o tó gbé kámẹ́rà lé e. Pa IS lẹ́ńsì náà, ìyẹn ohun inú rẹ̀ tó ń dín ìgbọ̀n ọwọ́ kù, fi kámẹ́rà sí èyí tó ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó yà, kí ìka rẹ má bàa mì ín. Afẹ́fẹ́ ni tripod kò lè ṣe nǹkan kan sí. Ewé tó bá ń mì yóò mì. Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀ jù, kí o lọ nígbà náà.

Lẹ́yìn tripod, fíltà polarizer, díńgí tí a ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, èyí tí wọ́n ń pè ní CPL. Ọ̀pọ̀ rò pé kí ojú ọ̀run lè búlúù ni a ṣe ń lò ó. Ní ilẹ̀ tiwa, ewé ni iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ojú ọ̀run máa ń tàn sára ewé tó tutù, ewé náà á di funfun, gbogbo àwòrán á sì ṣá. Bí o bá ti ń yí CPL náà díẹ̀díẹ̀, wàá rí i tí dídán náà ń ká kúrò, tí àwọ̀ ewé gan-an ń jáde, ti ewé obì yàtọ̀ sí ti kòkó. Kò sí ohun tí o lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà tó lè mú àwọ̀ tí dídán ti bò mọ́lẹ̀ padà wá, ìdí nìyí tí mo fi fi í ṣíwájú ohun púpọ̀. Ó máa ń jẹ tó ìdajì ìmọ́lẹ̀, nígbà mìíràn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, nítorí náà tripod tún di dandan. Ní ojú ọ̀sà, má yí i dé òpin. Fi àwòjìji ọkọ̀ ojú omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú omi.

Milímítà 58 ni ẹnu lẹ́ńsì 18-55 IS STM rẹ. Jọ̀wọ́, rántí nọ́ńbà yìí, nítorí òun ló mú mi dé orí ohun kẹta, tí o lè má gbà pẹ̀lú mi lórí rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn yóò sọ fún ọ pé lẹ́ńsì tó fẹ̀, èyí tó ń kó ibi púpọ̀ sínú àwòrán, ni àwọn tó ń ya ilẹ̀ àti igbó ń lò, irú 10-18. Lọ́dọ̀ tiwa, mo ní kí o ra 55-250 IS STM, lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ nínú igbó máa ń kó gbogbo nǹkan jọ: ẹ̀ka, òkú ewé, ìtàkùn, ojú ọ̀run tó funfun báláú láàárín. Ojú kò ní mọ ibi tí yóò bà lé. Lẹ́ńsì gígùn máa ń jẹ́ kí o yọ igi ìrókò kan ṣoṣo kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí o mú bí odi Erédò ṣe tẹ̀ kọrọ nìkan, tàbí apẹja kan nínú ìkúùkù òwúrọ̀ lójú ọ̀sà, kí èyí tó kù sì lọ. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí èéfín eruku bá bo gbogbo ọ̀nà, òun ló ń jẹ́ kí igi iwájú dúdú, tí àwọn ti ẹ̀yìn ń ṣá lọ ní ìpele-ìpele. Ọdún 2013 ló jáde, ó pọ̀ ní tòkunbọ̀, kò wọ́n. Milímítà 58 náà sì ni ẹnu rẹ̀, kan náà pẹ̀lú ti 18-55 rẹ, nítorí náà CPL kan yóò sin méjèèjì. Milímítà 67 ni ti 10-18, wàá tún ra fíltà mìíràn.

Ìgbà kan wà tí wàá fẹ́ fífẹ̀ lóòótọ́, bí i kí o dúró nínú yàrà kí o mú odi méjèèjì. Gbé kámẹ́rà nàró lórí tripod, yà á láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ìmọ́lẹ̀ àti ibi tí lẹ́ńsì wò má yí padà. Hugin, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, yóò so wọ́n pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ni darktable àti RawTherapee fún RAW, ìyẹn fáìlì àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Bí ojú ọ̀run bá pọ̀ nínú irú àwòrán báyìí, yọ CPL kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá kan ọ̀run á ṣókùnkùn ju èkejì lọ.

ND, fíltà dúdú tí wọ́n fi ń sọ omi tó ń já di wàrà, lè dúró. Ọ̀sà wa kì í já láti orí àpáta.

Gbogbo owó tó bá kù, fi ṣe owó ọkọ̀, owó ibùsùn, àti owó ẹni tí yóò mú ọ wọ igbó. Ohun èlò ni mo ka èyí sí, kì í ṣe àfikún. Ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn ń yọ kíákíá, ó sì ń wọ̀ kíákíá. Bí ó bá ti wọ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìmọ́lẹ̀ tó dára yóò fi wà, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ kò lè bá ìkúùkù Ìwòpin, àfi kó sùn síbẹ̀. Má dá nìkan lọ. Bí o bá dé abúlé, kí àwọn àgbà kí o tó yọ kámẹ́rà jáde, kí o sì gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó Ọmọ kí o tó wọlé. Obìnrin ni ọ́, nítorí náà béèrè ọjọ́ Agẹmọ àti ọjọ́ Orò ṣáájú kí o tó mú ọjọ́. Ilẹ̀ tó ní òfin tirẹ̀ ni à ń yà, mo fẹ́ kí a máa bọ̀wọ̀ fún un.

Ra ìdì kékeré silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mu, kó o sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn lẹ́ńsì rẹ. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń mú kí ewú tí wọ́n ń pè ní fungus hù sínú lẹ́ńsì, tó bá sì hù, owó àtúnṣe lè ju owó lẹ́ńsì lọ. Lásìkò ọyẹ́, má máa pààrọ̀ lẹ́ńsì níta.

Èyí náà ló mú mi dé orí bí wàá ṣe wo 55-250 náà kí o tó sanwó. Mú 700D rẹ dání lọ. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn lẹ́ńsì náà kí o wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí o bá rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà bí ìtàkùn, ewú nìyẹn, má gbà á, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ń tà á fẹ́ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Yà á ní 250 ní f/8 sí pátákó tó ní ìkọ̀wé lójú òpópónà, kí o sún àwòrán náà mọ́ra lójú kámẹ́rà, kí o wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fetí sí IS bóyá ó ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Bí wọ́n bá ti san àjọ náà, pè mí, kí n wá láti Ṣàgámù kí a jọ lọ sí Ìkẹjà. Ta ohun kankan nínú ohun tí o ní? Rárá o. 700D kò tíì rẹ̀ ẹ́.

Bá mi kí màmá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ṣàgámù