Ọ̀rá oògùn mẹ́ta fún ìtọ̀ tó ń ta ni

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí obìnrin bá sọ fún oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa pé ìtọ̀ ń ta òun, kíá ni wọ́n á di oògùn apakòkòrò mẹ́ta, Cipro, Flagyl àti Ampiclox, sínú ọ̀rá kan. "Ẹ lò ó pọ̀, mà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́ṣọ̀n ni." Èmi náà ti gbé irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lọ sílé rí. Èébì ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta bì.

Kòkòrò E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa, ló sábà máa ń fa àrùn yìí. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú, ó sì sún mọ́ ihò ìdí, ohun tó fi ń ṣe wá ju ọkùnrin lọ nìyẹn. Ẹ má di í ru ṣáláńgá. Flagyl kì í tilẹ̀ í pa E. coli. Kí ló wá ń wá nínú ọ̀rá?

N kò ní àdàpọ̀ kò dára rí o. Oògùn méjì ló wà nínú hóró Septrin kan. Méjì ló wà nínú Augmentin náà, èkejì ló ń gbèjà èkínní. Àwọn tó mọṣẹ́ ló ṣírò ìyẹn. Fún àrùn àpò ìtọ̀ lásán, oògùn apakòkòrò nitrofurantoin nìkan fún ọjọ́ 5 sábà máa ń tó. Bí ibà tàbí ẹ̀gbẹ́ ríro bá bá a rìn, tàbí tí oyún wà nínú, ilé ìwòsàn yá, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n mọ oògùn tó ṣì ń ran kòkòrò náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ké sí Pharmacy Council of Nigeria, àjọ tó ń mójú tó àwọn tó ń ta oògùn, nípa àwọn ọlọ́rá yìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn