Kí o tó ra ológbò Siamois fún àwọn ọmọ

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Oòrùn ló ń bá wa jà níbí, ṣùgbọ́n àlàáfíà la wà. Má fòyà, mi ò bímọ pamọ́ fún ọ. Ohun tí o gbọ́ tó ń ké lẹ́yìn ohùn mi lórí WhatsApp, tí o fi ń béèrè pé ọmọ ta nìyẹn, ológbò ni. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ ti rí àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹkún dà ọ́ láàmú pé kí o ra irú rẹ̀ fún àwọn ní Montréal, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ kí o tó náwó.

Faransé kan tí àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló ń padà sílé, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbé e lọ. Àbúrò mi gbé e wá fún mi nínú agbọ̀n. Ó ní láti Kútọnu títí takisí fi wọ Àjàṣẹ́, ẹranko yìí kò pa ẹnu dé, débi pé àwọn èrò ọkọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọmọ náà lóúnjẹ.

Siamois ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Táílàǹdì, tí wọ́n ń pè ní Siam láyé àtijọ́, ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1879, ọ̀kan ti dé ilé Hayes, ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ láti Bangkok. Ní 1884, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ aṣojú ìjọba níbẹ̀, Edward Gould, kó akọ kan, abo kan lọ fún arábìnrin rẹ̀ nílùú Òyìnbó. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, àwọn ọmọ wọn ti wà níbi ìpàtẹ ológbò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹranko ilé ọlá ni. Yàrá aránṣọ ló wá já sí.

Irun rẹ̀ kúrú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara dáadáa, kò fún mi níṣẹ́ ṣe. Bí mo bá fi ọwọ́ tútù nù ún lára, ó ti parí. Ara rẹ̀ funfun, àmọ́ kì í ṣe funfun báláú. Ojú, etí, ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹyinjú rẹ̀ búlúù. Àwọ̀ ara rẹ̀ yìí ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí ooru àti òtútù ló ń pín in. Ohun tó ń pa irun wọn láró kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná, àfi níbi tó bá ti tutù díẹ̀, bí etí àti ìrù. Inú ìyá gbóná yíká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bí wọn ní funfun. Lẹ́yìn náà ni etí á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀.

Dókítà ẹranko fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má bàa lóyún. Irun tó hù padà lójú ibẹ̀ dúdú, ó ṣe igun mẹ́rin gééré, nítorí awọ ibẹ̀ ti wà ní ìhòòhò, ó ti tutù. Ìyá ọkọ mi wò ó títí, ó ní ta ló lẹ aṣọ mọ́ ológbò lára. Bó bá dọ̀dọ̀ yín nínú yìnyín yẹn, tiyín á dúdú ju tèmi lọ.

Ohùn rẹ̀ lọ̀ràn. Ológbò tí à ń sìn nílé wa kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ebi bá ń pa á. Èyí ń sọ̀rọ̀ bí mo bá wọlé, bí mo bá jáde, bí mo bá da ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá dá a lóhùn, á tún fèsì. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, nígbà tó ń wá akọ, Ràfíátù, ojú tì mí ní àdúgbò! O mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ń rò bí ológbò bá ń ké lóru. Ìyá kan tí ilé wa jọ kọjú síra kò kí mi mọ́. Ààfáà ló bá mi bá wọn sọ ọ́, pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin nínú ẹ̀sìn wa, pé bó bá fẹnu kan omi àlùwàlá, omi náà kò bàjẹ́. Ìyá yẹn ti ń kí mi báyìí, àmọ́ ó ṣì máa ń tẹjú mọ́ ojú búlúù yẹn.

Ẹja ni mò ń bọ̀ fún un lọ́tọ̀. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ bu ọbẹ̀ fún un o, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ní tiyín, èrò mi ni pé kí o má rà á. Èmi wà nílé látàárọ̀, orí aṣọ tí mò ń rán ló ń sùn, síbẹ̀ bí mo bá lọ ọjà Ouando pẹ́, ìbínú ni mò ń padà wá bá. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù, àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́. Siamois kò lè dá gbé. Á ké, á bà nǹkan jẹ́, àwọn ará òkè yín á sì pe ọlọ́pàá. Bí ẹkún àwọn ọmọ bá pọ̀ jù, méjì ni kí o rà kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, tàbí kí o wá Chartreux, ológbò Faransé aláwọ̀ eérú tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. De Gaulle, ààrẹ Faransé láyé àtijọ́, pàápàá sin ọ̀kan. Irun tòun náà kúrú, ó kàn nípọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń ké rárá.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nọ́ńbà 14 ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń tètè kán.

Èmi ni,
Sàlámátù