Ẹ dá owó mi padà, kí ẹ sì wá ẹni tó ni nọ́ńbà tí ẹ fún mi

Kubwa, Àbújá.
11 Oṣù Kejì, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà.

Èmi ni mo ra Ford Explorer aláwọ̀ eérú, ti ọdún 2008, lọ́wọ́ yín ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ẹ fún mi. Nígbà tí mo bèèrè èkejì, ẹni tó tà á fún mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bọ́tìnnì márùn-ún tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà lè ṣí ọkọ̀ náà láìsí kọ́kọ́rọ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà márùn-ún tí wọ́n ti fi sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, káàdì kékeré tí wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí kò bá ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, mo gbé oúnjẹ ìgbéyàwó lọ sí Jabi. A ti já kúlà mẹ́rin. Méjì tó kù, àmàlà nínú ọ̀kan, ẹ̀fọ́ nínú èkejì, ṣì wà nínú búùtù. Mo ti ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù, mo gbé kọ́kọ́rọ́ àti rìmóòtù lé orí kúlà kí n lè tún gèlè mi wé, ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá pa búùtù dé. Mò ń wo kọ́kọ́rọ́ mi láti ìta gíláàsì. Ìyá ìyàwó ń pè mí lórí fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà tó bá ti sọ sí mi lọ́kàn ni mò ń tẹ̀. Bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀méje, kì í gbọ́ mọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, iná rẹ̀ á kàn máa ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró kí ó tó tún gbà. Níkẹyìn, a fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta náírà ni mo fi rà á padà.

Ní Mọ́ńdè, mo wá sọ́dọ̀ yín. Òṣìṣẹ́ yín ní kí n san ₦60,000, wọn á fi maṣíìnì yọ nọ́ńbà náà jáde. Mo san án láti báńkì lójú ẹsẹ̀, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ó fún mi ní bébà kékeré kan tí nọ́ńbà márùn-ún wà lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ilẹ̀kùn ò dáhùn. Mo padà wá, ó ní àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí ilẹ̀kùn ló ti kú, kí n wá ₦280,000.

Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 7-8 sí àti èyí tí wọ́n kọ 9-0 sí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà máa ń tì. Mo ṣe é lójú òṣìṣẹ́ yín. Bí àpótí yẹn bá ti kú, kí ló ń tì í? Kò fèsì, ó ní kí n lọ ronú sí i.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan ní Apo. Ọmọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tú ike tó bo ibẹ̀. Eruku tó wà lórí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dì, ó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti wọ Nàìjíríà. Sítíkà funfun kan wà lára àpótí náà, nọ́ńbà márùn-ún wà lórí rẹ̀. Kò jọ ti yín rárá. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, kpa! Mo pariwo débi pé àwọn mẹkáníìkì wá wò mí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló gbà.

Nítorí náà, mo fẹ́ ₦60,000 mi padà. Owó gíláàsì, mi ò bi yín.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni nọ́ńbà tí ẹ fún mi. Ta ló ni ín? Bó bá jẹ́ pé láti inú ìwé iṣẹ́ oníbàárà mìíràn ni òṣìṣẹ́ yín ti dà á kọ, ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú pọ́ọ̀sì mi yìí. Onímọ́tò lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un, ó sì lè pa á rẹ́ nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ kì í parẹ́. Ẹ yẹ ìwé yín wò, kí ẹ sì pe ẹni náà. Mi ò tíì fi bébà náà han ẹnikẹ́ni.

Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa kó rìsíìtì àti bébà náà lọ sí àjọ FCCPC tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà, níbí ní Àbújá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni mo fẹ́ fi bébà náà lé, sà, kí ẹ fúnra yín ya á lójú mi.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, olóúnjẹ.