Ta ló yẹ kó wádìí alágbàtọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fà lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló mú wa kọ̀wé. Láti 2006 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ, síbẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó fẹ́ gbọmọ tọ́ ni kó lọ kó ìwé wá: lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti lémọ́mù, oníduùró méjì, ó parí. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó fa ọmọ sílẹ̀ ló ni ìwádìí, òun ló sì yẹ kó fọwọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀.

Ìwé ọlọ́pàá dára, àmọ́ kò tó. Ẹjọ́ tí wọ́n parí nínú agbo ilé, tí olórí ẹbí ní kí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìdílé, kò lè sí níbẹ̀. Kí wọ́n tún yẹ àkọsílẹ̀ àwọn afipábánilòpọ̀ tí NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, gbé jáde ní 2019 wò. Bí alágbàtọ́ náà bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n wá orúkọ tó ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun àtẹ̀yìnwá ò ní hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Sábó láti Ìbàdàn, kí ni aládùúgbò Sábó mọ̀ nípa rẹ̀? Onílé tó fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn, iléèwé tí ọmọ tó kọ́kọ́ gbà tọ́ lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lójijì: àwọn ló yẹ ká bi. Kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà wọn, torí èyí tó wà lórí lẹ́tà oníduùró lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti kọ́ lóhun tó máa sọ.

Kó dé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, kó má sì dá ọjọ́ ìkejì fún wọn. Kó wọ yàrá tọ́mọ máa sùn, kó béèrè ẹni tó tún ń sùn níbẹ̀. Kó wo ilé ìwẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì. Kó bá àwọn ọmọ inú ilé sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, láìsí àgbà nítòsí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù nìyí: wọ́n á wádìí tọkọtaya, wọ́n á gbàgbé àbúrò ọkọ tó ń gbé bọ́ìs-kọ́tà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá ọmọ nílé nígbà tí wọ́n bá lọ ọjà. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nínú ilé ló kàn. Ọjọ́ tí àgbà mìíràn bá kó wọlé, ìwádìí àtijọ́ ti dìdàkudà, kí wọ́n tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ló ń dí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ fi í sínú ìṣúná wọn. Kí wọ́n sì sọ fún aráàlú, lórúkọ, òṣìṣẹ́ tí ìwádìí yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ,
Ògbómọ̀ṣọ́